Ẹ̀yin tí túúlu ń bá fínra, báwo lẹ ṣe ń jẹun?

Aláṣọ Atakúnmọ̀sà
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà Atakúnmọ̀sà ní Iléṣà níbí ni mo ti ń ta àǹkárá àti léèsì. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni túúlu, ẹ̀fọ́rí tí òyìnbó ń pè ní migraine, ti ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbẹ́ òsì orí ló sábà máa ń mú, á máa lù kìkì bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Èébì á máa gbé mi, n kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, n kò sì ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ọmọ tí mo bí nínú pàápàá. Bí mo bá dìde rìn, á tún le sí i.

Mo ti ṣe àyẹ̀wò ibà, wọ́n ti yẹ ojú mi wò, wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ ló dára. Dókítà ní túúlu ni. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá síbí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fẹnu kan ìrù mọ́. Ẹni tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra ní ẹ̀gúsí ló ń fà á. Pásítọ̀ ní kí n yẹra fún ohun dídùn, pàápàá ṣokoléètì. Ẹnìkan tún pè mí lórí fóònù pé ẹ̀wà ni. Bí mo bá tẹ̀lé gbogbo wọn, ẹ̀bà àti omi ló kù fún mi láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá a gbé tipẹ́, kí lẹ kì í jẹ? Kí lẹ ń jẹ?

Ọmọ Obòkun Tòótọ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹni tó bá ní kí Ìjẹ̀ṣà má fi ìrù sọ́bẹ̀, ó fẹ́ sọ iyán di ìyà ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ní agboolé tiwa, gbẹ́rẹ́ ni bàbá wa àgbà máa ń sín sí iwájú orí, wọ́n á fi oògùn dúdú ra á. Kí ẹ tó rí ẹni sín in fún yín, ẹ ra oògùn ìyẹ̀fun inú bébà yẹn, ẹ dà á sẹ́nu, ẹ fi kóòkì tútù tì í lẹ́yìn. Wàràwàrà ni.

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn
Ọmọ Obòkun, ọmọ dáadáa, jẹ́ kí n dá sí i kí wọ́n tó máa ra kóòkì.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, túúlu sì ń ṣe èmi náà. Ìyá aláṣọ, kí a tó dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó lóṣù lẹ ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí? Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyí. Ẹni tó bá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù 3 lọ, oògùn yẹn gan-an lè bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹ̀fọ́rí mìíràn. Àwọn tí wọ́n po oríṣi méjì mẹ́ta pọ̀, tàbí tí wọ́n fi kaféènì (èròjà tó ń lé oorun) sí, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun inú bébà yẹn, aspirin àti kaféènì ló wà níbẹ̀. Kóòkì tí wọ́n ní kí ẹ fi tì í lẹ́yìn, kaféènì tún ni. Obì tí àwọn kan ń jẹ kí wọ́n má bàa sùn, òun náà ni. Tí ó bá ti mọ́ ara lójú, ọjọ́ tí ara kò bá rí i, orí ló máa fi sọ fún yín.

Ti gbẹ́rẹ́: n kò bá baba ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n abẹ tó ti kan ara ẹlòmíràn lè kó àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí HIV ran èèyàn. Ẹ̀fọ́rí kò tó ohun tí a ó fi ra ìyẹn.

Ẹ wáá gbọ́ ti oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń bá gbogbo onítúúlu jà. Ohun tó ń gbé e dìde lára èyí tó pọ̀ jù nínú wa ni àìjẹun lásìkò, omi tí kò tó, oorun tí kò tó (èyí tó pọ̀ jù náà ń ṣe é), wàhálà ọkàn, àti nǹkan oṣù lára obìnrin. Nítorí náà, dípò kí ẹ máa bèèrè ohun tí ẹ jẹ, ẹ bèèrè aago tí ẹ jẹun kẹ́yìn.

Ti ṣokoléètì Pásítọ̀ ńkọ́? Túúlu máa ń gbéra kí orí tó fọ́. Ó lè ku wákàtí díẹ̀, ó lè ku ọjọ́ kan, tí èèyàn á máa yán ṣáá, tí ọrùn á le, tí inú á máa bíni láìnídìí, tí ọ̀fun á sì máa wá ohun dídùn kiri. Èèyàn á wá ṣokoléètì jẹ. Tí orí bá fọ́ tán, a ó ní ṣokoléètì ló fà á, bẹ́ẹ̀ túúlu ti wà lójú ọ̀nà kí a tó já ọ̀rá rẹ̀.

Aláṣọ Atakúnmọ̀sà
Háà, yíyán yẹn! Ọmọ tó ń bá mi tajà a máa bi mí pé, «Mà, ṣé ẹ ò sùn lánàá ni?» Lọ́jọ́ kejì ni orí máa ń fọ́.

Ìyẹ̀fun yẹn, mo ń lò ó o. N kò ka ọjọ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n mà, ẹ dárí jì mí, ṣé ẹ mọ bí ọjà ṣe rí? Mo ti máa ń jáde nílé kí iná tó dá nílé ìdáná. Àárọ̀ ni àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí máa ń wá. Ìran òṣómàáló ni wá, ẹni tó bá dìde kúrò nídìí ọjà nítorí oúnjẹ, ẹlòmíràn ló máa ta á. Ó lè tó aago méjì ọ̀sán kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ̀gbọ́n, èmi kò lè fi kíláàsì sílẹ̀ náà. Aago mẹ́jọ dé aago méjì ni mo ń dúró lórí ẹsẹ̀ mi, àwọn ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú oúnjẹ lọ bá iṣẹ́.

Alẹ́ ni mo ti ń se ọ̀ọ̀lẹ̀ ti àárọ̀. Kí n tó jáde nílé, mo ti jẹ ọ̀kan, mo ti mu ògì tí n kò fi ṣúgà rẹpẹtẹ sí. Ẹ̀pà sísun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà nínú báàgì mi fún àkókò ìsinmi. Ẹnìkan kì í pẹ́ jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, oníbàárà yín á dúró de ìyẹn. Ọ̀rá omi kan wà lórí tábìlì mi, tí ó bá tán, mo já òmíràn. Tí mo bá dé ilé, mo jẹun gidi. Alẹ́, n kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ní ti iyán ní aago mẹ́wàá alẹ́ àti oorun lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí orí wọn le ni mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún.

Ohun kan tó máa pa yín lẹ́rìn-ín: ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà tí wọ́n ní kí ẹ má jẹ yẹn, àwọn gan-an ni magnesium, èròjà kan tí ara ń lò, pọ̀ nínú wọn. Onítúúlu púpọ̀ ló jẹ́ pé magnesium ara wọn kì í tó. Ẹ̀pà, kájú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbogbo wọn ló ní in. Tí ẹ bá ń bọ ẹ̀fọ́, ẹ má bọ̀ ọ́ títí kí ẹ tún da omi rẹ̀ nù tán, nítorí ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá lọ. Èmi a máa gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ tó ti jinná, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́.

Mo ń jẹ ìrù mi o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà wa. OAU ni mo wà. Ní àsìkò ìdánwò, Indomie ní aago kan òru, àti ohun mímu alágolo tó ń lé oorun, àwọn ló ń gbé wa dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dẹ́rù bà mí. Kí orí tó fọ́, ojú mi á máa ṣe wìnìwìnì. Màá rí ìlà kan tó ń tàn tó sì ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, á máa fẹ̀ sí i, apá kan ìwé tí mò ń kà á pòórá. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, á lọ, ẹ̀fọ́rí á dé. Ṣé ojú mi ló ń fọ́ ni?

Apòògùn Lágere
Àbúrò, ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn bá túúlu mu dáadáa. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí wákàtí kan, á sì lọ fúnra rẹ̀. Inú ọpọlọ ló ti ń wá, ojú kò fọ́. Síbẹ̀, tí o kò bá tíì fi han dókítà rí, lọ fi hàn án. Ilé ìwòsàn wà nínú ọgbà yín. Sọ fún un bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń pẹ́ tó.

Alágolo yẹn, má dá a dúró lójijì lọ́jọ́ kan náà, orí á fọ́ ọ. Máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí o sì sùn. Ẹni tó ń fi òru ọjọ́ márùn-ún kàwé, tó wá fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta sùn, ìyípadà yẹn nìkan ti tó láti jí túúlu. Aago kan náà ni kí o máa sùn, aago kan náà ni kí o máa jí, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì Ẹnuwá
Ẹ jọ̀ọ́, ìlà wọ́gọwọ̀gọ tí ọmọ yẹn wí, èmi náà ń rí i. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró ni mò ń lò. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn
Ìyá Ìbejì, nǹkan wà níbẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Oríṣi oògùn yẹn pọ̀. Èyí tí estrogen wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí obìnrin tó ń rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú túúlu máa lò ó, nítorí ó ń fi kún ewu àrùn rọpárọsẹ̀. Tó bá tún jẹ́ ẹni tó ń mu sìgá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ewu náà tún ga sí i. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání padà sí ibi tí wọ́n ti fún yín, ẹ sọ fún wọn gbangba pé ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ ṣáájú ẹ̀fọ́rí. Wọ́n ní oríṣi mìíràn tí kò ní estrogen. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sọ ọ́, àwọn tó ń fún wọn náà kì í sì í rántí bèèrè.

Ajagun Àdúrà
Mo ń ka gbogbo yín láti òkè wá. Ẹ̀fọ́rí tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ ń pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti omi? Ọwọ́ ayé nìyẹn. Ẹ wọ ààwẹ̀ gbígbẹ, ẹ wọ ìṣọ́ òru, kí ẹ rí i bóyá kò ní lọ.

Ọmọ Obòkun Tòótọ́
Ẹ̀gbọ́n Ajagun, onítúúlu, ààwẹ̀ gbígbẹ, ìṣọ́ òru? Ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn
Ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń rò ó tí wọn kò sọ. Bí àyẹ̀wò ṣe mọ́ kò sọ pé àìsàn kò sí. Ẹnu aláìsàn ni dókítà fi ń mọ túúlu: ẹ̀gbẹ́ tó ń mú, bó ṣe ń lù, èébì, ìmọ́lẹ̀ tí a kò fẹ́ rí, àti pé tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó ń gba wákàtí 4 sí 72. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Tí wọ́n bá ya fọ́tò inú orí, mímọ́ ló sábà máa ń mọ́, torí pé àìsàn mìíràn ni fọ́tò yẹn ń wá. Iṣan kan wà tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti orí lọ sí ọpọlọ, òun ló ń ru sókè, tó ń tú èròjà sílẹ̀ sí àyíká àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ orí, tí ìrora fi ń lù. Ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ẹ bi ìyá yín tàbí àwọn àbúrò ìyá yín, ẹ máa gbọ́ pé orí a máa fọ́ ẹnìkan nínú wọn. Ìran kan náà ni, kì í ṣe ogun ìdílé.

Àdúrà dára. Ẹ gbà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tí ẹ sì ti sùn.

Ọmọ Álífáà Sábó
Ẹ̀yin àgbà, ààwẹ̀ Ramadan ńkọ́? Túúlu ń ṣe ìyàwó mi. Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ díẹ̀.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́
Mùsùlùmí ni èmi náà, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ara ń wá tíì àti kọfí rẹ̀, ó sì ń wá oúnjẹ àárọ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti ń dín tíì kù. Sààrì, n kì í fò ó, bó ti wù kí oorun kùn mí tó: ẹ̀wà tàbí ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́, nǹkan tó pẹ́ nínú, kì í ṣe búrẹ́dì àti tíì aládùn. Láti ìṣínu títí di àkókò oorun, mo ń mu omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ sààrì kò gbọdọ̀ pọ̀, kí òùngbẹ má bàa gbẹ ẹ́.

Tí ó bá sì kọjá agbára rẹ̀, Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrátù Bákárà, sọ pé kí ẹni tó ń ṣàìsàn san ọjọ́ náà padà nígbà mìíràn. Kí ìyàwó yín má ro pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí ó bá dókítà àti Álífáà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé.

Aláṣọ Atakúnmọ̀sà
Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ dá ìyẹ̀fun yẹn dúró. Kí ni màá máa lò tí ó bá dé?

Apòògùn Lágere
Kí Nọ́ọ̀sì tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé oògùn.

Ti ọjọ́ tí túúlu bá dé: ẹ tètè lo oògùn, ẹ lò ó dáadáa. Àwọn tó ń dúró títí orí fi lù wọ́n bolẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan mì, oògùn wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí inú kì í da oògùn dáadáa nígbà tí túúlu bá ti wọra. Fún àgbàlagbà, paracetamol 1000 mg tàbí ibuprofen 400 mg ni a sábà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tó ní àìsàn kíndìnrín, tàbí tó lóyún, kí ó má fọwọ́ kan ibuprofen tàbí aspirin láìbi dókítà. Paracetamol náà, kò gbọdọ̀ ju 4000 mg lọ láàárín wákàtí 24. Tí èébì bá pọ̀, oògùn èébì wà tí dókítà lè kọ mọ́ ọn. Omi, yàrá ṣókùnkùn, aṣọ tútù níwájú orí, oorun: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti akúṣẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ààlà.

Tí túúlu bá ń wá ní ọjọ́ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́, oògùn ìdènà wà, tí a ń lò lójoojúmọ́ kí ó má bàa dé. Dókítà ló ń yàn án. Propranolol wà, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma). Amitriptyline wà, alẹ́ ni a ń lò ó nítorí ó ń mú oorun wá. Topiramate wà, kò sì yẹ aboyún tàbí ẹni tó ń wá oyún. Oṣù 2 sí 3 ni ẹ máa lò ó kí ẹ tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Èyí tí mo ń rí jù ni àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dá páálí padà.

Magnesium oníhóró àti fítámì B2 náà wà. A máa ń lo B2 400 mg lójúmọ́ fún oṣù 3 láti mọ̀ bóyá ó bá èèyàn mu, ìtọ̀ á pọ́n bí ọsàn, ẹ má bẹ̀rù. Magnesium 400 sí 600 mg lójúmọ́, ó lè ṣí inú. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, kí ó má ṣe dán an wò láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn
Apòògùn ti ṣe é tán. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Tí ẹ bá dá ìyẹ̀fun yẹn dúró, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ máa le, ẹ̀fọ́rí á pọ̀ sí i kí ó tó dínkù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn aláṣọ ẹbí pọ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín kí ó fún yín ní ohun tí ẹ máa fi gbà á mọ́ra.

Ẹ gba kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí ìsọ̀. Ọjọ́ tí orí bá fọ́, ẹ fàlà sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá lo oògùn, ẹ fi àmì mìíràn. Ẹ kọ aago tí ẹ jẹun àti ọjọ́ nǹkan oṣù. Òun ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà, ó ju àlàyé lọ.

Gbogbo ẹni tó ń kà á, ẹ gbọ́: àwọn ẹ̀fọ́rí kan kì í ṣe túúlu. Èyí tó bá kọlu èèyàn lójijì, tó le ju gbogbo èyí tó ti ní rí lọ. Èyí tó bá bá ibà wá tí ọrùn sì gan. Èyí tó bá mú apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ẹnu wọ́. Èyí tó tẹ̀lé ìṣubú tàbí ìjàm̀bá ọ̀kadà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èyí tó bá mú aboyún, pàápàá tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ bá wú. Ẹ má bèèrè lórí fóònù, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Iléṣà, Wesley Guild wà, ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn OAUTHC wà.

Ọmọ Obòkun Tòótọ́
Mo ti gbọ́ mà. N kò ní sọ ti kóòkì mọ́ níwájú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan. Ìyàwó mi, gbogbo ìgbà tí a bá lọ sóde àríyá, orí ló fi ń bọ̀. Ariwo gbohùngbohùn ni, àbí oòrùn?

Aláṣọ Atakúnmọ̀sà
Oògùn ò yé mi, ṣùgbọ́n gèlè yé mi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wé e fún un! Gèlè tó le gbagidi, wọ́n á fà á mọ́ iwájú orí, wọ́n á fi pín-ìnnì gún un, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di alẹ́. Irun dídì tó fà sábẹ́ rẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wé e sílẹ̀ díẹ̀ kúrò níwájú orí, kí ó lo aṣọ tó rọ̀. Tí ẹ bá dé ìsọ̀ mi, màá yan èyí tí kò wúwo fún un.

Òórùn àǹkárá tuntun pàápàá, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já òkìtì kan, máa ń ṣe mí. Ìta ni mo ń já a sí báyìí.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ fi àìjẹun kún un. Níbi àríyá, aago mẹ́ta ni oúnjẹ ń dé iwájú ẹni tí kò mọ alásè. Èmi a ti jẹun nílé kí n tó wọ aṣọ.

Aláṣọ Atakúnmọ̀sà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá jíṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì kò purọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo dá ìyẹ̀fun dúró, ojú mi rí nǹkan. Àbúrò mi ló bá mi dúró ti ìsọ̀. Nígbà tó yá, ó fúyẹ́. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló ń ra àkàrà àti ẹ̀kọ fún mi kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ̀pà wà nínú àpótí owó. Oníbàárà kankan kò sá lọ nítorí pé mò ń jẹ ẹ̀pà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tọrọ níbẹ̀.

Túúlu kò tán o, kí n má ṣe parọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ètè ń là, ó mú mi. Ní gbogbo àsìkò nǹkan oṣù náà, ó ń wá, kàlẹ́ńdà fi í hàn kedere, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n jọ ń rìn. Ìrù kò ní àmì kankan lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ̀gúsí kò ní. Àwọn ọjọ́ tí mo fàlà sí jùlọ, iwájú wọn ni mo kọ aago méjì ọ̀sán sí. Mo ti gbé kàlẹ́ńdà náà lọ fún dókítà, ó kọ propranolol fún mi lẹ́yìn tó bi mí bóyá mo ní ikọ́ fée. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ìrù ni. Mo ń gbé ọbẹ̀ tèmi fún un, ó ń jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Ẹnuwá
Wọ́n ti yí oògùn mi padà o. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì.

Ìyá Tómi
Ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni mí níbí, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta. Inú rírun ni ó máa ń sọ, ojú rẹ̀ á funfun, á bì, á lọ sùn nínú òkùnkùn, tí ó bá jí, ara rẹ̀ á ti le. Ṣé ó lè jẹ́ èyí ni? Bàbá rẹ̀ ní túúlu. Mo ní aspirin nílé.

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn
Ẹ má fún un ní aspirin. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, a kì í fún un láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí a fún un, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Aspirin wà nínú ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun inú bébà náà pẹ̀lú.

Ó lè jẹ́ túúlu. Lára ọmọdé, inú ló lè kọ́kọ́ mú, kì í sì í pẹ́ tó ti àgbà. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ọmọdé, kí wọ́n yẹ ibà àti inú rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ ti bàbá rẹ̀ fún wọn. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi í bóyá ó ń jẹ oúnjẹ tí ẹ ń dì fún un lọ sílé ìwé, àbí ó ń gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tómi
Mo bi í. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.